Táńkì epo ẹ̀yìn ìjókòó nínú Chevrolet C10 ọdún 1971: kí n tún un ṣe síbẹ̀ ni, àbí kí n gbé e lọ sábẹ́?

Ẹṣin_Irin kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí. Mo ní píkọ́ọ̀pù Chevrolet C10 ọdún 1971 kan, ẹ́ńjìnnì V8 (onísílíńdà mẹ́jọ) 350 oníkábúrétọ̀. Gbogbo ẹni tó bá ti bá mi wọ̀ ọ́ ló ń sọ ohun kan náà: epo ń rùn. Bí mo bá rọ epo kún, tí oòrùn wá mú, a ò lè ti gíláàsì rárá. Táńkì ọ̀hún ṣì wà níbi tí ilé iṣẹ́ fi í sí, lẹ́yìn ìjókòó, nínú ibi tí èèyàn ń jókòó gan-an. Ẹnu rẹ̀ yọ síta ní igun ẹ̀yìn ilẹ̀kùn awakọ̀.

Ohun tó wà lọ́kàn mi ni kí n yọ ọ́ kúrò, kí n so òmíràn mọ́ abẹ́ ẹ̀yìn, láàárín irin ṣáásì méjèèjì (irin gígùn méjì tó gbé mọ́tò ró), níbi tí sípíà táyà ń gbé. Irú táńkì wo ló máa wọ ibẹ̀? Ibo ni kí n gbé ẹnu rẹ̀ gbà? Ṣé pọ́ǹpù ara ẹ́ńjìnnì á lè fa epo láti ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀? Gééjì ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn bí ẹni tó fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é.

Mẹkáníìkì_Àgbà kọ:

Àbúrò, kú iṣẹ́. Má tíì gbé sípánà. Táńkì ẹ̀yìn ìjókòó kì í rùn bí ara rẹ̀ bá pé. Bí ó bá ń rùn, ibì kan wà tó ti ń mí síta, ibẹ̀ la ó kọ́kọ́ wá rí.

Yọ ìjókòó jáde kí o lè ríran dáadáa, kí o fi tọ́ọ̀ṣì wò ó. Fọwọ́ kan gáskẹ́ẹ̀tì abẹ́ flóòtù gééjì (ohun tó ń léfòó nínú táńkì tó ń sọ fún gééjì bí epo ṣe kù tó). Fọwọ́ kan rọ́bà fífẹ̀ tó so ọrùn ẹnu táńkì mọ́ táńkì fúnra rẹ̀, àti rọ́bà tín-ín-rín tí táńkì fi ń mí. Lẹ́yìn náà, wo rọ́bà roboto tó yí ọrùn ẹnu táńkì ká níbi tó ti gba páànù jáde síta. Òun kò sí lára ohun tó di epo mú, ṣùgbọ́n bí ó bá ti sán, epo tó bá dà lẹ́nu táńkì nígbà tí wọ́n ń rọ ọ́ á gba ibẹ̀ padà wọlé, á wọ abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, á sì máa rùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti yọ táńkì tí kò ṣe nǹkan kan nítorí rọ́bà yẹn.

Kíyè sí ìgbà tó ń rùn pẹ̀lú. Bí ó bá jẹ́ ìgbà tó kún nìkan, òkè ni àìsàn wà. Bí ó bá ń rùn nígbà tí epo ti fẹ́ tán náà, wo ìsàlẹ̀, wo ojú ibi tí wọ́n ti so páànù méjèèjì pọ̀, wo orí páìpù tí epo ń gbà jáde. Má sì gbẹ́kẹ̀ lé imú nìkan. Gáàsì tó ń ru jáde lára bẹntiróò wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin, ilẹ̀ ló ń wọ́ sí. Ó lè ti kún abẹ́ ìjókòó kí ẹni tó jókòó tó gbọ́ ọ.

Rọ́bà tuntun àti gáskẹ́ẹ̀tì tuntun, iṣẹ́ ọ̀sán kan ni. Gbígbé táńkì lọ sẹ́yìn, iṣẹ́ mìíràn gbáà ni.

Oníwáyà kọ:

Mo bọ̀wọ̀ fún Bàbá, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ tèmi, màá gbé e kúrò. Chevrolet fúnra wọn gbé e kúrò nígbẹ̀yìn. Láti 1949 ni táńkì ti wà lẹ́yìn ìjókòó píkọ́ọ̀pù wọn títí dé 1972. Nígbà tí irú tuntun jáde ní 1973, ó ti bọ́ síta.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ délẹ̀. Ibi tí wọ́n gbé e lọ ní 1973 kò dáa: ẹ̀gbẹ́, lóde irin ṣáásì, tó jẹ́ pé páànù ara mọ́tò nìkan ló bò ó. Bí mọ́tò mìíràn bá kọ lù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́, táńkì ló máa gbà á. Ọ̀rọ̀ náà di ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà. Ìjọba àpapọ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ní 1992, ó sì parí sí àdéhùn ní oṣù Kejìlá 1994. Wọn kò pe mọ́tò kankan padà, ṣùgbọ́n General Motors fi owó tó lé ní mílíọ̀nù 51 dọ́là sílẹ̀ fún ètò ààbò ojú pópó.

Nítorí náà ibi tí Ẹṣin_Irin dárúkọ yẹn, àárín irin ṣáásì méjèèjì, ibẹ̀ gan-an ni kó lọ. Kí ó má lọ so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ nítorí pé ibẹ̀ rọrùn láti dé.

Irin_Kì_Í_Jẹrà kọ:

Ẹ má jẹ́ ká dẹ́rù ba ọmọ náà jù. Táńkì ẹ̀yìn ìjókòó jìnnà sí bọ́ńpà ẹ̀yìn, ó jìnnà sí bọ́ńpà iwájú, irin ara mọ́tò sì yí i ká. Kì í tètè bẹ́ bí wọ́n bá kọ lu mọ́tò. Èyí tí ẹ fẹ́ gbé lọ sábẹ́ ẹ̀yìn yìí ni mọ́tò tó ń bọ̀ lẹ́yìn máa kọ́kọ́ bá. Ẹ rántí pẹ̀lú pé 1976 ni Amẹ́ríkà tó fi òfin 301 wọn, tó dá lórí bí táńkì kò ṣe gbọ́dọ̀ jò lẹ́yìn ìjàmbá, kan píkọ́ọ̀pù. Mọ́tò 1971 kò ti abẹ́ òfin yẹn kọjá, yálà táńkì rẹ̀ wà nínú ni o, tàbí a gbé e lọ sẹ́yìn. Ọwọ́ ẹni tó bá ṣe é ni ààbò rẹ̀ wà.

Èmi ò sọ pé kó má gbé e. Mo ní kó mọ ohun tó ń fi ṣe pàṣípààrọ̀.

Mẹkáníìkì_Àgbà kọ:

Òótọ́ ni Irin_Kì_Í_Jẹrà sọ, ṣùgbọ́n ó ku apá kan. Bí ti inú bá fi lè jò, orí ẹni tó jókòó ló ń jò sí. Bí ti ẹ̀yìn bá jò, ilẹ̀ ló ń dà sí. Èmi tí mo ní kó tún rọ́bà ṣe, mo mọ̀ pé ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe kékeré. Ẹ jẹ́ kó yọ ìjókòó ná, ká gbọ́ ohun tó rí.

Ẹṣin_Irin kọ:

Ẹ ṣeun, Bàbá. Mo ti yọ ìjókòó. Rọ́bà fífẹ̀ ọrùn táńkì ti sán yí ká, gáskẹ́ẹ̀tì flóòtù ti le bí igi. Mo fi tọ́ọ̀ṣì wo inú táńkì láti ojú ihò flóòtù, ìpẹtà ti bo ìsàlẹ̀ rẹ̀ pátápátá, ó ń ṣí bí èépá ara. Fílítà (asẹ́ epo) tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kábúrétọ̀ náà kún fún ìyẹ̀fun pupa. Táńkì yìí ti lọ. Bí mo bá tilẹ̀ ra rọ́bà tuntun, mo ní láti ra táńkì tuntun pẹ̀lú. Nítorí náà mo ti pinnu: abẹ́ ló ń lọ. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe máa yọ èyí láìséwu?

Mẹkáníìkì_Àgbà kọ:

Ó dáa. Ìpẹtà ti bá wa parí àríyànjiyàn.

Wa mọ́tò náà kí epo inú rẹ̀ dín tó bó ṣe lè dín. Táńkì yẹn ń gba nǹkan bíi gálọ́ọ̀nù 20, ìyẹn lítà 76. Epo inú rẹ̀ nìkan, bí ó bá kún, á tó kílò 56. O ò ní fẹ́ gbé ìyẹn gba ẹnu ilẹ̀kùn.

Ìta gbangba ni kí o ti ṣe é, kí ilẹ̀kùn méjèèjì ṣí sílẹ̀, kí agolo ìpaná wà nítòsí ọwọ́ rẹ. Tí gáàsì bẹntiróò bá ti tó ìdá 1.4 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ tó yí i ká, iná kékeré lè ràn án. Má wò ó pé ọjọ́ náà tutù: bẹntiróò ń ru gáàsì tó lè gbaná títí dé nǹkan bíi 43 nísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Yọ orí négétíìfù bátìrì kí o tó fọwọ́ kan wáyà flóòtù.

Pọ́ǹpù ọwọ́ ni kí o fi fa ìyókù epo sínú kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n dìídì ṣe fún epo, kí kẹ́ẹ̀gì náà sì fìdí kan ilẹ̀. Bí o bá gbé e sórí báàdì (ẹ̀yìn mọ́tò tí wọ́n ń kó ẹrù sí) tó ní ike tàbí kápẹ́ẹ̀tì lábẹ́, iná mànàmáná tó ń ti ara fífà epo wá kò ní ríbi bá lọ, á wá ta níbi tí o ò fẹ́. Má fi ẹnu fà á láéláé. Epo tó bá ṣèèṣì gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró lè pa èèyàn.

Nígbà tó bá ti gbẹ, tú wáyà flóòtù, tú páìpù epo kí o sì fi nǹkan dí ẹnu rẹ̀, tú rọ́bà ọrùn àti rọ́bà ìmí, kí o tó wá dé orí àwọn bóòtù tó dì í mú. Lẹ́yìn àádọ́ta ọdún, bóòtù yẹn á ti mú irin. Fi òróró atú-ìpẹtà sí i láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí o fi sùúrù tú u. Má finá sí i. Má gbé gíráńdà wọ inú mọ́tò yẹn nígbà tí táńkì ṣì wà níbẹ̀. Dí gbogbo ihò ara táńkì kí o tó gbé e jáde, nítorí táńkì tó ṣófo léwu ju èyí tó kún lọ: èyí tó kún, epo ló wà nínú rẹ̀, èyí tó ṣófo, gáàsì ló kún un.

Kápẹ́ẹ̀tì àti fóòmù abẹ́ rẹ̀, sọ wọ́n nù. Òórùn yẹn kì í fọ̀ kúrò lára wọn.

Ẹṣin_Irin kọ:

Bàbá, ẹ ṣeun púpọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tó mọ iṣẹ́ wẹ́dà ní òun lè gé táńkì àtijọ́ yìí, fọ ìpẹtà inú rẹ̀, kí òun tún un jó pọ̀, kí n wá fi òun náà sí abẹ́ ẹ̀yìn. Ṣé ó lè ṣe é?

Ìyá_Gáráàjì kọ:

Rárá o, ọmọ mi. Iṣẹ́ wẹ́dà ni mo ń ṣe, mo sì ń sọ fún ọ pé rárá.

Táńkì epo tó ti gbẹ láti ọjọ́ pípẹ́ ṣì ń fi gáàsì pamọ́ sínú ìpẹtà àti sínú ojú ibi tí páànù méjèèjì ti pàdé. O lè fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ kí o má gbọ́ òórùn mọ́, kí iná wẹ́dà sì mú kí èyí tó sápamọ́ ru jáde. Bọ́ǹbù ni. Àwọn tó ń jó táńkì epo ní ọ̀nà àti irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń lé gáàsì inú rẹ̀ jáde, tí wọ́n sì fi ń yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó tan iná. Kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀rẹ́ ní ọjọ́ ìsinmi. Yàtọ̀ sí ìyẹn, táńkì ẹ̀yìn ìjókòó ga, ó sì tín-ín-rín, wọ́n ṣe é láti dúró ní òró. Bí o bá dà á dùbúlẹ̀, flóòtù rẹ̀ á ti ṣì, ibi tó ti ń mí á ti di ìsàlẹ̀.

Ra èyí tí wọ́n ṣe fún abẹ́. Ọ̀nà mẹ́ta ni mo mọ̀ tí àwọn èèyàn ń gbà. Àkọ́kọ́ ni táńkì Chevrolet Blazer, jíìpù ilé iṣẹ́ kan náà. Ẹ̀yìn, láàárín irin ṣáásì, ni ti Blazer ti wà láti ilé iṣẹ́, mọ̀lẹ́bí C10 sì ni. Ìwọ̀nba irin ni wàá fi kún un kí ó tó jókòó. Àwọn ti Blazer 1973 sókè tóbi, wọ́n ní èyí tó ń gba bíi gálọ́ọ̀nù 25 àti èyí tó ń gba 31. Èyí tó tóbi jù yẹn á lọ sílẹ̀ ju bọ́ńpà lọ bí mọ́tò rẹ bá ti rẹ̀ sílẹ̀, má rà á.

Ìkejì ni táńkì Ford Mustang 1964 sí 1968, gálọ́ọ̀nù 16. Ó kéré, ó pẹlẹbẹ, ó sì ní etí yí ká, ìyẹn ló jẹ́ kó wu àwọn èèyàn: wàá jó férémù onígun mẹ́rin láti ara irin áńgùlù, wàá gbé e ka etí rẹ̀ sórí rẹ̀, ó parí. Ẹ̀yìn ni ọrùn rẹ̀ kọ sí, èyí dáa fún ẹni tó fẹ́ kí ẹnu táńkì wà lẹ́yìn nọ́ńbà mọ́tò. Ìkẹta ni táńkì alumíníọ̀mù tí wọ́n ṣe fún C10 gan-an. Èyí ló rọrùn jù láti so. Bí o bá rà á, rí i dájú pé ó ní páànù ìdábùú nínú, kí epo má máa gbálẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tí o bá ń yípo tí epo sì ti kéré.

Ohun kan tún wà. Má ronú láti fi í síwájú dífúrẹ́ńṣà (irin ìdábùú tó ń yí táyà ẹ̀yìn). Sípíríìnì kọ́ìlì ni C10 yín fi gbé ẹ̀yìn, pẹ̀lú apá gígùn méjì tó ti dífúrẹ́ńṣà lọ pàdé lápá àárín ṣáásì. Kò sí àyè níbẹ̀. Ẹ̀yìn dífúrẹ́ńṣà ló ń gbé, sípíà táyà á sì wá ibòmíràn lọ.

Oní_C10_1979 kọ:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. Tèmi ni ti 1979, táńkì méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, irú èyí tí Oníwáyà sọ. Ṣé mo lè yọ méjèèjì kí n fi ẹyọ kan sẹ́yìn bíi tirẹ̀?

Oníwáyà kọ:

O lè ṣe é, táńkì Blazer náà ni wàá lò. Fáàfù tó ń pín epo láàárín táńkì méjèèjì ni kí o yọ pẹ̀lú, kí o so páìpù kan ṣoṣo lọ tààrà. Wáyà flóòtù méjì ló ń lọ sórí bọ́tìnnì inú dáṣíbọ́ọ̀dù. Yan ọ̀kan, so ó mọ́ flóòtù tuntun, kí o fi téèpù dí orí èkejì. Òǹkà gééjì ò yí padà, tirẹ àti ti flóòtù Blazer bára mu.

Irin_Kì_Í_Jẹrà kọ:

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ẹnu táńkì, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ yìí ti ń bàjẹ́ jù. Èmi fẹ́ràn kí ó wà nílẹ̀ báàdì, lábẹ́ ìdérí pẹlẹbẹ tó ń ṣí. Ọrùn á kúrú, á gùn tààrà sínú táńkì, o ò ní gé ara mọ́tò lóde.

Ìyá_Gáráàjì kọ:

Ó dára fún mọ́tò tí a ń fi ṣe àfihàn. Ẹni tó ń fi tirẹ̀ ru ẹrù ńkọ́? Bí yanrìn tàbí igi bá wà lórí ìdérí yẹn, kò lè rọ epo. Omi òjò ń dúró nílẹ̀ báàdì pẹ̀lú, bí rọ́bà ìdérí bá ti rẹ̀, inú táńkì ni omi ń lọ. Èmi á gbà á níyànjú pé ẹ̀gbẹ́ òsì báàdì, lẹ́yìn táyà, pẹ̀lú ilẹ̀kùn kékeré.

Èyí tó bá wù ú nínú méjèèjì, òfin ọrùn kò yí padà. Láti ẹnu dé táńkì, kí ó máa sọ̀ kalẹ̀ nígbà gbogbo. Kí ó má sí ibi tó ti gòkè díẹ̀ kó tó tún sọ̀, torí epo á dúró níbẹ̀, pọ́ǹpù ilé epo á sì máa dá ara rẹ̀ dúró nígbà gbogbo. Kí páìpù tín-ín-rín kan sì bá ọrùn náà rìn, láti òkè táńkì títí dé abẹ́ ìdérí, kí afẹ́fẹ́ tí epo ń lé jáde lè rí ọ̀nà gbà. Bí epo bá ń tú síta nígbà tí wọ́n ń rọ ọ́, páìpù yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Mẹkáníìkì_Àgbà kọ:

Ẹ má gbàgbé ìmí ti ìgbà tí mọ́tò ń rìn. Bí epo ti ń tán ni afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ máa wọlé. Bí kò bá wọlé, pọ́ǹpù á máa fa táńkì fúnra rẹ̀, mọ́tò á rìn díẹ̀ á kú. Bí o bá ṣí ìdérí, wàá gbọ́ kí ó mí "hààà", á sì tún ṣiṣẹ́. Fi fáàfù ìmí sórí táńkì, irú èyí tó ń dí ara rẹ̀ bí mọ́tò bá dojú dé, kí o gbé rọ́bà rẹ̀ gòkè ju ẹnu táńkì lọ kí o tó yí i sílẹ̀.

Ìbéèrè rẹ lórí pọ́ǹpù: bẹ́ẹ̀ ni, pọ́ǹpù ara ẹ́ńjìnnì á fà á. Blazer ìgbà yẹn ní ẹ́ńjìnnì 350 kan náà àti pọ́ǹpù kan náà, táńkì rẹ̀ sì wà lẹ́yìn. Kábúrétọ̀ kò fẹ́ ju nǹkan bíi 5 sí 7 psi (òṣùwọ̀n agbára tí wọ́n fi ń ti epo) lọ. Lo páìpù irin ínṣì 3/8 láti ẹ̀yìn títí dé iwájú, rọ́bà díẹ̀ péré níbi tí nǹkan ti ń mì. Má lo kọ́pà. Ó ń le bí ó bá ti ń gbọ̀n, á sì sán.

Ohun tó lè yọ ọ́ lẹ́nu ni ooru. Pọ́ǹpù ń fa epo láti ọ̀nà jíjìn báyìí, epo tí wọ́n ń fà tètè ń hó ju èyí tí wọ́n ń tì lọ. Jẹ́ kí páìpù jìnnà sí sàlẹ́ńsà, kí o sì fi páànù ìdènà ooru sí ibi tí wọ́n bá ti sún mọ́ra. Bí sàlẹ́ńsà rẹ bá jẹ́ méjì tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì dé bọ́ńpà, ó ṣeé ṣe kó o ní láti dín wọn kù, kí wọ́n yọ síta níwájú táyà ẹ̀yìn.

Oníwáyà kọ:

Bí ó bá fẹ́ lo pọ́ǹpù oníná, ẹ̀yìn, nítòsí táńkì, ni kó wà. Títì epo ló mọ̀ ọ́n ṣe, kì í ṣe fífà. Kí ó ra èyí tó bá kábúrétọ̀ mu, nítorí pọ́ǹpù ẹ́ńjìnnì onífífọ́nsí (èyí tí kò lo kábúrétọ̀) tó ń ti epo ní 58 psi á borí abẹ́rẹ́ inú kábúrétọ̀, epo á sì kún orí ẹ́ńjìnnì. Rílè àti fíyúùsì jẹ́ dandan. Mo tún fẹ́ kí iná pọ́ǹpù gba ara ohun tó ń wo agbára òróró (ọ́ìlì) ẹ́ńjìnnì kọjá, kí ó fi jẹ́ pé bí ẹ́ńjìnnì bá kú nínú ìjàmbá, pọ́ǹpù náà á dákẹ́, kódà bí kọ́kọ́rọ́ bá ṣì wà ní títàn. Ẹni tí kò bá fi í sí i ń fi pọ́ǹpù tó lè máa tú epo dà sórí títì sílẹ̀.

Nípa gééjì: ti General Motors láti àárín àwọn ọdún 1960 ń ka 0 ohm (òṣùwọ̀n bí nǹkan ṣe ń dènà iná mànàmáná) bí epo bá tán, 90 ohm bí ó bá kún. Ti Ford yí orí kodò, bíi 73 bí ó bá tán, 10 bí ó bá kún. Ẹni tó bá fi táńkì Mustang sí C10 pẹ̀lú flóòtù Ford inú rẹ̀, gééjì rẹ̀ á fi hàn pé epo ti fẹ́ tán nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kún. Ra flóòtù 0 sí 90. So ó mọ́ wáyà kí o tó fi í sínú táńkì, fọwọ́ gbé e sókè sódò, kí o wo gééjì. Ẹ̀yìn tí táńkì bá ti wà lókè kọ́ ló yẹ kí èèyàn máa mọ̀.

Ẹṣin_Irin kọ:

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, mo dúpẹ́. Táńkì alumíníọ̀mù ni mo rà, ó ti wà lábẹ́, rọ́bà wà láàárín òun àti irin tó gbé e. Ẹ̀gbẹ́ òsì ni mo gbé ẹnu rẹ̀ gbà bí Ìyá ti sọ, epo ń wọlé geere láìtú. Pọ́ǹpù ara ẹ́ńjìnnì ni mo fi sílẹ̀, ó sì ń fà á, kódà lórí òkè gíga. Òórùn ti lọ pátápátá, ìjókòó ti lè sún sẹ́yìn sí i. 

Ọ̀kan ló kù: gééjì dúró sórí "kún", ó tilẹ̀ kọjá rẹ̀ díẹ̀, kò sì sọ̀ kalẹ̀ bí mo ti ń rìn. Kí n tó gbé e sókè, mo dán flóòtù wò bí Oníwáyà ti sọ, ó ń lọ ó ń bọ̀.

Oníwáyà kọ:

Rọ́bà tí o fi sábẹ́ rẹ̀ ni. Lórí gééjì yìí, bí wáyà bá já tàbí tí kò bá rí ilẹ̀ kàn, ọwọ́ rẹ̀ á kọjá "kún". Nígbà tí o dán an wò, ó dájú pé ara flóòtù kan irin mọ́tò. Báyìí, rọ́bà ti ya táńkì sọ́tọ̀ kúrò lára ṣáásì, iná kò rí ọ̀nà padà. Fa wáyà kan láti ara bóòtù flóòtù lọ sórí irin ṣáásì tí o ti ha ọ̀dà rẹ̀ kúrò. Fa òmíràn láti ọrùn ẹnu táńkì náà, torí tí ọrùn bá jẹ́ irin tó dá dúró sórí rọ́bà, iná mànàmáná tó ń ti ara epo rírọ wá á máa kó jọ sí i lára.

Ẹṣin_Irin kọ:

Ó ti ṣiṣẹ́! Bí mo ti so wáyà ni ọwọ́ gééjì bọ́ sórí ìlàjì, ibi tó yẹ kó wà. Mo ti so ti ọrùn náà. Ẹ kú làálàá.

Ihò ẹnu táńkì àtijọ́ tó wà ní igun lẹ́yìn ilẹ̀kùn ńkọ́? Ìdérí rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ó bá ẹwà mọ́tò náà mu, mo sì ń rò ó pé kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìyá_Gáráàjì kọ:

Má fi í sílẹ̀ kó máa ṣí. Lọ́jọ́ tí o bá lọ rọ epo, tí o wọlé lọ sanwó, ẹni tó di pọ́ǹpù mú á rí ìdérí tó mọ̀, á ṣí i, á sì da epo sínú mọ́tò rẹ lẹ́yìn ìjókòó. Bí o bá fẹ́ràn bó ṣe rí, so páànù kan mọ́ ẹ̀yìn ihò náà láti inú, kí o sì di ìdérí náà pa kí ẹnikẹ́ni má lè yí i. Bí o bá fẹ́ kó parẹ́, gé páànù tó sanra bákan náà pẹ̀lú ara mọ́tò, fi iná kàn án díẹ̀díẹ̀ yí ká kí igun yẹn má bàa rọ́, kí o tó fi fíílà (lẹ́ẹ̀ tí àwọn apánù ń fi dí ojú páànù) tẹ́jú rẹ̀. Yọ orí bátìrì kí o tó jó nǹkan kan, kí o ti ìdérí táńkì tuntun pa, kí ẹnìkan dúró tì ọ́ pẹ̀lú agolo ìpaná.

Ẹṣin_Irin kọ:

Mo gbọ́, Ìyá. Màá di í pa láti inú ní òpin ọ̀sẹ̀ yìí, màá sì fi ìdérí rẹ̀ sílẹ̀ lóde.